Ìbọn Tó Pa Àpótí Lẹ́nu Mọ́ ní Ìlú Kòdákẹ́

Ìṣọ̀lá, sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o sọ ọ́ sílẹ̀, kí o jáde kúrò nínú pálọ̀ yẹn, kí o wá jókòó síbi tí ojú mi ti lè tó ọ. Gbogbo wa la ń gbọ́ bí wúfà rẹ, àpótí ohùn yẹn, ṣe ń kùn ùùùù bí agbọ́n inú agbè láti ìgbà tí a ti dé síbi ìnáwó rẹ. Mo mọ̀ pé ó ń bí ọ nínú. Ṣùgbọ́n wáyà tí o fẹ́ gé yẹn, wáyà tó wọ ilẹ̀ ni, mo sì mọ ẹnì kan tó gé irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ará, ẹ sún àga yín mọ́ tòsí. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi kó tètè mu ún, nítorí bí èmi Ọdẹ́ṣínà bá ti la ẹnu ìtàn, ẹyẹ kì í fò kọjá lórí ilé títí n ó fi pa á dé.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ká ní tèmi ni, ìdajì yín ì bá ti sá lọ kí n tó dé àárín, nítorí èmi ni mo bá ẹfọ̀n wọ ìjàkadì tí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí a jẹ́ kó parí sí ọ̀mì. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́lànà ni. Bí ẹ kò bá rí ọkùnrin yìí nínú igbó, ẹ ó bá a nídìí rédíò tó bàjẹ́, tí ó tú u palẹ̀ sórí ẹní, tí ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́, àwa ni a kì í ní sùúrù láti bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ó ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Èyí náà mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní kí ó tú kókó, okùn ni yóò gé. Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́níyì wọ Igbó Arìnmásọ̀rọ̀, kò sì padà. Ajá rẹ̀ nìkan ló dé ilé. Ajá náà ń la ẹnu, ó ń na ọrùn, ṣùgbọ́n gbígbó kankan kò jáde ní ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́lànà rí èyí, kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́ apá, ó ju irin tí ó fi ń tú rédíò sínú rẹ̀, ó sì mú ìbọn tí baba wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Olóhùn-kan ni orúkọ ìbọn yẹn, nítorí kò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹran kan rí.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ọ̀nà igbó iwin kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí igbó ti di ìkòkò dúdú, Ọdẹ́lànà bá iwin kan tó jókòó lórí kùkùté. Iwin náà kò ní ẹnu lójú. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu wà. Ó na ọwọ́ náà síwájú, ẹnu inú rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ kú ìrìn o, ọdẹ. Ṣé àlàáfíà lẹ kúrò nílé? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Ẹ̀yin náà mọ bí kíkí ṣe rí láàrin wa. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, a ó ní ilé kò kọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni iwin yẹn ti ń mú wa. Ẹni tó bá dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ yóò wọ inú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, kò ní jáde mọ́ láéláé. Ọdẹ́lànà ti la ẹnu tán kí ó tó rántí ajá àbúrò rẹ̀, tó gbó dá iwin lóhùn kí olówó rẹ̀ tó la ẹnu. Ó pa ẹnu dé gbọ̀nmù. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, ó dìde, ó gbọn eruku àyà nù, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

“Ọmọ ta ni ọ́?” ni iwin ń ké lẹ́yìn rẹ̀. “O kí mi, n kò sì rí nǹkankan mú!”

Ibi tó dé lẹ́yìn èyí ni ẹnubodè Ìlú Kòdákẹ́. Adènà tó wà níbẹ̀, òkúta ni apá kan ara rẹ̀, ẹran ara ni apá kejì. Apá òkúta kò mira, apá ẹran ara ń jẹ obì.

“Wọlé,” ni adènà wí. “Wíwọlé kò ṣòro, jíjáde ni mo ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n gbé àlọ́ yìí dání: kí ni ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró jẹ́ẹ́, tí a bá fún un ní ẹsẹ̀ kejì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora? Má dá mi lóhùn báyìí. Ìgbà tí o bá ń jáde ni n ó bi ọ́, olúkúlùkù ni yóò sì dáhùn fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni yóò máa bá mi dúró.”

Ọdẹ́lànà wo ẹ̀gbẹ́ adènà. Òkúta ló tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn ní ojú, gbogbo wọn sì ń ṣẹ́jú.

Ó wọ ìlú. Kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ariwo náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ùùùùù. Ó ń ti inú ilẹ̀ gòkè wá sí orúnkún, láti orúnkún wá sí eyín. Omi inú àmù ń gbọ̀n. Adìẹ kò lè sàba. Òwú wà ní etí tọmọdé tàgbà, bí wọ́n sì ṣe ń pariwo sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń pariwo sọ àṣírí. Ọkùnrin kan ń sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sọ fún yín, gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ariwo yẹn ni Ọdẹ́lànà tẹ̀lé dé gbọ̀ngàn ọba. Ọba Gbohùngbohùn jókòó lórí ìtẹ́, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó ká wọn lé orí bí gèlè nítorí ariwo. Ní iwájú rẹ̀ ni àpótí wúfà kan wà tó ga ju ènìyàn lọ. Ọkọ̀ oníṣòwò kan tó ṣìnà wọ igbó wọn láyé àtijọ́ ló kó o wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yìí ni wọ́n de Ọdẹ́níyì mọ́ òpó.

“Ẹ̀gbọ́n mi!” ni Ọdẹ́níyì ké. “Ẹ wá! Mo mọ̀ pé ẹ ó wá!”

“Kí lo ṣe fún wọn?”

“Mo bá wọn tún àpótí wọn ṣe ni.”

“Báwo lo ṣe tún un ṣe?”

Ọdẹ́níyì wolẹ̀. “Mo gé wáyà tó wọ ilẹ̀.”

“Ṣé kíkùn náà dákẹ́?”

“Lójú ẹsẹ̀! Wọ́n gbé mi sọ́rùn, wọ́n jó yí ọjà ká. Wọ́n ní kí n yan ìyàwó.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ọmọ ọba fọwọ́ kan ara àpótí.”

Ọdẹ́lànà di ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí kò yé, ẹ gbọ́. Wáyà tó wọ ilẹ̀ ni ojú ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà ń gbà jáde. Bí o bá dí ọ̀nà yẹn, ara ènìyàn ni iná yóò fi ṣe ọ̀nà. Ọmọ ọba náà nìyẹn lẹ́yìn ìtẹ́ baba rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí aṣọ tí a sá.

Ọba ní, “Àlejò, a ti so wáyà yẹn padà, kíkùn náà ti padà. Òní ni àjọ̀dún wa. Bí oòrùn bá dúró gangan lórí, gbogbo ìlú yóò jókòó síbí láti wo àwòrán. Bí àpótí bá ṣì ń kùn nígbà yẹn, awọ ẹ̀yìn àbúrò rẹ ni a ó fi ṣe ojú tuntun fún un.”

Tẹ̀tù ọba ti jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ṣárá. Ṣárá.

Ká ní èmi ni, ǹ bá ti yìnbọn, tẹ̀tù a wà lókè àjà, ọba a wà lábẹ́ àga. Ọdẹ́lànà jókòó sílẹ̀ ní tirẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkankan. Ó ń wò, ó ń gbọ́.

“Ṣé o wá sùn ni?” ni ọba bi í.

“Kábíyèsí, ẹni tí kò mọ ihò tí òkété gbà wọlé ni yóò fi iná sun gbogbo oko.”

Ó dìde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ẹ̀rọ àwòrán pọ̀ mọ́ àpótí. Inú rẹ̀ ni ohùn ń gbà. Ọdẹ́lànà fa wáyà náà yọ lára àpótí. Kíkùn dákẹ́ wáí. Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀.

“Ó ti tán?” ni ọba wí, etí rẹ̀ kan sì ti ń tú sílẹ̀.

“Rárá o, Kábíyèsí. Àpótí tí a kò fún ní ohùn, kí ni yóò sọ? Ohun tí mo rí ni pé inú àpótí fúnra rẹ̀ mọ́.”

Ó fi wáyà náà padà, ùùùù sì dé. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ àwòrán, ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi ní ohùn rárá. Kíkùn kò yẹ̀, kò dín, kò lé. Ó gbọn orí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ àwòrán ló ń kùn, bí a ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, kíkùn ì bá bá a rọlẹ̀.

“Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn,” ni ó wí. “Bí olúkúlùkù bá dá wà, ó ń dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá di ọwọ́ ara wọn mú ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀.”

“Èmi àti baba àwọn ọmọ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn!” ni ìyá arúgbó kan ké láti ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, nítorí oòrùn ti ń gun òrùlé.

Ọdẹ́lànà wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà iná bí ẹni tọ ipasẹ̀ ẹran. Iná ìlú yẹn kì í ṣe iná ìjọba. Mànàmáná ni wọ́n ń dẹ pàkúté fún lórí òkè ilé, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú agbada. Wáyà iná àpótí gba ara ògiri ọ̀tún jáde, ó sì wọ agbo ilé Olóyè Ọ̀tún, ẹni tó ní etí mẹ́ta níwájú orí. Wáyà iná ẹ̀rọ àwòrán gba ògiri òsì jáde, ó wọ agbo ilé Olóyè Òsì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà níkùn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀ tí a gbá wọ ilẹ̀.

Ọdẹ́lànà padà wọ gbọ̀ngàn. Ó ti rí ihò òkété.

“Ta ló ní kí nǹkan méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ máa mu iná láti ilé méjì?”

“Àṣà wa ni,” ni Ọ̀tún dáhùn. “Ohun tó bá wọ ààfin, ọwọ́ méjèèjì ní ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọba bá fẹ́ jókòó, èmi ní ń tẹ́ ẹní.”

“Èmi ní ń gbé ìtìsẹ̀,” ni ikùn Òsì wí.

“Ẹ̀yin olóyè, ilẹ̀ yín kò rí bákan náà. Ti Ọ̀tún jẹ́ àbàtà, ti Òsì jẹ́ yanrìn gbígbẹ. Iná díẹ̀ ń ti ilẹ̀ kan rìn lọ sí ilẹ̀ kejì, inú wáyà ohùn ló sì ń gbà kọjá. Àpótí kò mọ̀ pé arìnrìn-àjò ni. Ó rò pé ohùn ni, ó sì ń kọ ọ́ lórin.”

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó fa wáyà iná àpótí yọ ní ọ̀dọ̀ Ọ̀tún, ó sì tì í bọ ibi tí ẹ̀rọ àwòrán ti ń mu iná Òsì. Wáyà ohùn wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, kíkùn kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé Ọ̀tún fa idà yọ.

“Wọ́n ti yọ wá nínú ààfin! Ìtàn ìran wa ti parí!”

Ó yára dá a padà. Ó ní kí òun kó méjèèjì sọ́dọ̀ Ọ̀tún, ilé Òsì sì fa tiwọn yọ. Kíkùn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tẹ̀tù fi ọ̀bẹ kan irun apá ara rẹ̀ wò, irun náà gé. Ó dìde.

“Ẹ gbọ́ mi!” Ọdẹ́lànà bọ́ sí àárín ilé méjèèjì. “Ẹ máa mú iná yín wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìran kankan má parí. Ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan. Irin kan ṣoṣo láàrin àgbàlá ọba, kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì wá so mọ́ ọn.”

“Irin ta ni?” ni Ọ̀tún bi í. “Tiwa ni.”

“Tiwa ni!” ni ikùn Òsì bú.

Ní ìlú náà, kò sí irin tí kò ní àmì ilé kan lára, títí kan abẹ́rẹ́. Ọdẹ́lànà wo òkè, oòrùn ku díẹ̀ kó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lọ sí èjìká ara rẹ̀, níbi tí Olóhùn-kan kọ́ sí.

Ọdẹ́níyì rí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. Ìbọn baba wa nìyẹn. Igbó tí a ó gbà padà ńkọ́?”

“Baba wa kò bí ìbọn,” ni Ọdẹ́lànà wí.

Ó tú irin ìbọn kúrò lára igi rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò, ó da iyọ̀ àti èédú sí i, ó bu omi lé e kí ilẹ̀ lè ní ẹnu tó dùn, ó sì gbá irin baba rẹ̀ wọlé títí ó fi ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lókè. Ó ní kí wọ́n pa iná ilé méjèèjì. Ó tú wáyà kúrò lára irin Ọ̀tún àti ti Òsì, ó ha ìpẹtà orí ìbọn títí ó fi ń dán, ó so wáyà méjèèjì mọ́ ọn ṣinṣin.

“Ẹ tan iná.”

Wọ́n tan án. Kò sí ùùùù. Òwú ń já bọ́ ní etí àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú ọba kò tú ká.

“Ó dákẹ́ báyìí náà nígbà yẹn,” ni Gbohùngbohùn wí jẹ́jẹ́. “A yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fọwọ́ kàn án. Kí àbúrò rẹ fọwọ́ kàn án lónìí.”

Ẹ̀yin ará, mímọ̀ pé iṣẹ́ ẹni dára jẹ́ ọ̀kan, fífi ọwọ́ ọmọ ìyá ẹni dán an wò jẹ́ òmíràn. Ọdẹ́lànà tún padà lọ fa kókó kọ̀ọ̀kan wò. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó mi orí sí àbúrò rẹ̀.

Wọ́n tú u. Ọdẹ́níyì na ọwọ́. Ó gbé e lé ara àpótí.

“Ó tutù,” ni Ọdẹ́níyì wí, omi sì dà lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn tutù ni.”

Ọ̀bẹ tẹ̀tù ṣì wà lókè. Ọba sọ àwòrán òjò sójú ògiri, ààrá àkọ́kọ́ sì sán nínú àpótí, ó mọ́, ó jinlẹ̀, kò sí kíkùn kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọba rìn wá. Ó fi ọwọ́ tó dára gbé ọwọ́ tó rọ lé ara àpótí. Ààrá kejì sán. Ìka rẹ̀ tó kéré jù mì.

“Baba mi,” ló wí, “mo fi ọwọ́ mi gbọ́ ọ.”

Ọba ju ọwọ́ sílẹ̀. Tẹ̀tù ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀.

Àwọn ọmọ ìyá méjì dé ẹnubodè pẹ̀lú igi ìbọn tí kò ní irin. Ọdẹ́lànà sọ ìdáhùn tirẹ̀ sí adènà létí, adènà sì jẹ́ kó kọjá.

“Ìwọ ńkọ́?” ni ó bi Ọdẹ́níyì. “Kí ni ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró jẹ́ẹ́, tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjì kérora?”

Ọdẹ́lànà wà ní òdìkejì, kò lè ràn án lọ́wọ́. Ó rí i tí ẹnu àbúrò rẹ̀ là, ó rí ọ̀rọ̀ ìkánjú tó ti jókòó sórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́níyì pa ẹnu dé. Ó jókòó sílẹ̀.

“Kì í ṣe ènìyàn,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ méjì jó. Kì í ṣe arúgbó, nítorí ẹsẹ̀ kan kì í sinmi fún un.” Adènà jẹ obì rẹ̀ tán, ó mú òmíràn. “Ohun tí kò dá ariwo ní, tó jẹ́ pé àwa la fún un ní ilẹ̀ méjì. Àpótí ọba yín ni.”

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà ṣẹ́jú, ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó?”

Iwin ẹlẹ́nu-àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà lórí kùkùté rẹ̀. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ fún un pa pọ̀, láìsọ ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọjá. Títí ajá yẹn fi kú, kò gbó mọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́níyì bá ń tú ẹ̀rọ ẹnìkan, yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò ká ọwọ́ lé àyà, ajá a sì dùbúlẹ̀ tì í, a máa wo ohun tí ó ń wò.

Ó yá, Ìṣọ̀lá. Níbo ni wúfà rẹ ti ń mu iná?

“Láti ilé Màmá Àlàbá, aládùúgbò wa, ni, Baba. Wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kí ọwọ́ àwọn wà nínú ìnáwó mi.”

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

“Ilé wa níbí ni.”

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́. Lọ kí Màmá Àlàbá dáadáa, kí o sọ fún wọn pé ìfẹ́ wọn ti dé, kí o wá mú wúfà náà bọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń mu iná. Fi ọ̀bẹ sílẹ̀ sórí ẹní níbẹ̀.

Ó dákẹ́, àbí? Èmi náà ti pa ẹnu dé. Ẹyẹ lè máa fò kọjá.